Ẹ Sọ Ohun Tí Ẹ Rí

Lálẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2022, àwọn ọlọ́pàá wọ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní àdúgbò Valentino nílùú Oǹdó, wọ́n sì kó èèyàn 77 jáde láti yàrá abẹ́ ilẹ̀. Ọmọdé 26 ló wà nínú wọn, ọ̀dọ́langba 8, àgbàlagbà 43. Ìròyìn náà kọjá Nàìjíríà. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn rántí nípa rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí ọlọ́pàá ní igbákejì olùṣọ́-àgùntàn ibẹ̀ sọ fún ìjọ: pé oṣù Kẹrin ni ìgbàsókè máa ṣẹlẹ̀. Nígbà tí oṣù Kẹrin kọjá tí ẹnikẹ́ni ò gòkè, ó sún un sí oṣù Kẹsàn-án. Ọ̀rọ̀ náà di ẹ̀fẹ̀ nínú mọ́tò.

Èyí tí èmi ò lè gbàgbé ni bó ṣe dé etí ọlọ́pàá. Ìyá kan ló lọ. Kò rí àwọn ọmọ rẹ̀ nílé, ó gbà pé ṣọ́ọ̀ṣì náà ni wọ́n wà, ó sì lọ fẹjọ́ sùn. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá lọ wo ibẹ̀, àwọn ọmọ ìjọ dìde sí wọn. Ẹ jẹ́ ká ro ti ìyá náà wò. Kò dìgbà tó rí inú yàrá abẹ́ ilẹ̀ yẹn kó tó sọ̀rọ̀, kò dìgbà tó ka iye ọmọ tó wà níbẹ̀, kò sì dìgbà tó mọ orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ nínú òfin. Ilé Ọlọ́run ló sì ń fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ẹ̀yin náà mọ orúkọ tí wọ́n máa ń sọ irú obìnrin bẹ́ẹ̀ láàárín wa. Ó kàn mọ̀ pé àwọn ọmọ òun kò sí níbi tó yẹ kí wọ́n wà. Ìyẹn tó.

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ yìí ni mo ní ká bá ara wa sọ. Nígbà tí a bá rí i pé nǹkan ò lọ déédéé lára ọmọ kan, ìbáà jẹ́ tiwa, ìbáà jẹ́ ti aládùúgbò, ta ni ká sọ fún, báwo la ṣe ń sọ ọ́, kí ló sì ń dí wa lẹ́nu?

Àwa tá à ń gbé Àgọ́ Aláayè àti agbègbè Òrè yìí ní ìdí láti rò ó ju ará ìlú mìíràn lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kòkó gbé wá. Ẹlòmíràn ti ìhà Ọ̀ṣun wá, ẹlòmíràn ti ilẹ̀ Ẹ̀bìrà, ti Tíífì, ti Ìgbò. Ojúlé kan lè ní yàrá mẹ́wàá kí èdè mẹ́rin máa dún níbẹ̀. Títì tó ti Ṣàgámù lọ sí Benin gba àárín wa kọjá. Àwọn bọ́ọ̀sì ńlá tó ń lọ sí Ìlà Oòrùn ń dúró jẹun ní Òrè, àwọn ọmọ kéékèèké sì ń sáré tẹ̀lé wọn pẹ̀lú omi inú ọ̀rá àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lórí. Ní ìlú tí babańlá ọmọ ti wà, bí bàbá bá ń na ọmọ ní ìnàkunà, ìyá àgbà kan á jáde láti inú agboolé, á gba ọmọ sílẹ̀, á sì bá bàbá náà wí débi tí ojú á tì í. Níbí, ọmọ lè wà tí kò ní ìbátan kankan ní gbogbo ìpínlẹ̀ Oǹdó àfi ẹni tó ń nà án yẹn gan-an. Aládùúgbò ni ìyá àgbà rẹ̀. Bí aládùúgbò bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ parí.

Wọ́n ní ojú mẹ́rin ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Lóòótọ́, à ń wò. A mọ ọmọ tó ń sùn sí iwájú ṣọ́ọ̀bù nígbà tí wọ́n bá tì í síta. A mọ ọmọbìnrin tó ń gba ọ̀nà mìíràn kó má baà kọjá níwájú ìsọ̀ ọkùnrin kan. Ẹnu wa ni kì í ṣí. Mi ò ní í sọ pé àwọn ìdí tí kì í fi í ṣí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. A máa ń sọ pé, ọmọ ọlọ́mọ ni. Èmi náà, àlejò ni mí níbí. Àbúrò lándìlọ́ọ̀dù ni ọkùnrin yẹn. Wọ́n á ní kí n mú owó epo mọ́tò ọlọ́pàá wá. Bó bá sì jẹ́ pé mo ṣì í rí ńkọ́? Lórí gbogbo rẹ̀, òwe kan wà tí àwọn àgbà máa ń fi pa ẹjọ́ dé: a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Òwe náà dára láàárín àgbà méjì tó ń fa ààlà oko mọ́ ara wọn lọ́wọ́, nítorí wọ́n ṣì máa pàdé lójú ọ̀nà oko lọ́la, oníkálukú wọn ló sì lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méje àti àgbàlagbà tó ń fọwọ́ kàn án níbi tí kò yẹ, ọ̀rẹ́ wo ló wà láàárín wọn tí kóòtù fẹ́ bà jẹ́?

Ohun tó ń dẹ́rù bà wá jù, lójú tèmi, ni pé a rò pé ẹni tó bá sọ ti dájọ́. Ẹni tó rí, tirẹ̀ ni kó sọ ohun tó rí. Ti ọlọ́pàá àti Wẹ́fíà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ire ọmọdé, ni kí wọ́n wádìí. Ti adájọ́ ni kó dá a. Àfi ká mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Bí ẹ bá dé iwájú wọn tí ẹ ní, "Obìnrin yẹn ò dáa, ó fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ," ìjà àdúgbò ni wọ́n gbọ́ yẹn, wọ́n á sì béèrè pé kí ló dé láàárín ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ wo bí èyí ṣe yàtọ̀: "Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ní nǹkan bí aago méje, mo rí ọmọkùnrin tó ń gbé lójúlé kẹta sí mi. Ó tó ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ojú iná tó rí bí ojú áyọ́ọ̀nù wà léjìká rẹ̀ òsì. Mo bi í, ó ní òun ṣubú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, apá rẹ̀ ọ̀tún ló bó. Kì í lọ sí ilé-ìwé láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé." Kò sí èébú kankan níbẹ̀, kò sí ìfura tí ẹ pè ní òótọ́. Ọlọ́pàá tó bá gbọ́ èyí mọ ilé tó máa lọ àti ohun tó máa wò lára ọmọ. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá ti rí i, ìbáà jẹ́ lẹ́yìn ìwé ọmọ yín: ọjọ́, àkókò, ohun tí ojú rí, ohun tí etí gbọ́ bí ọmọ ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Lẹ́yìn oṣù méjì, ẹni tí kò kọ ọ́ sílẹ̀ máa ń gbàgbé ọ̀pọ̀ nǹkan.

Ẹ má sì gbé e sórí sítátọ́ọ̀sì WhatsApp. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ló yá jù, mo sì mọ̀ pé àánú ló ń ṣe ẹlòmíràn tó bá ṣe é. Ṣùgbọ́n ọmọ tí gbogbo Òrè ti rí ìhòòhò rẹ̀ lórí fóònù máa dàgbà láàárín àwọn tó rí i. Ẹni tó ṣe é náà á sì ti rí i, á ti sá.

Mo fẹ́ ká kúrò ní Òrè díẹ̀, nítorí ẹjọ́ kan wà tí mo rò pé ó kan gbogbo àwa tí a ti gbé ọmọ fún ìbátan rí. Ọmọ Ivory Coast ni Victoria Climbié, ará Abobo lẹ́bàá Abidjan. Ìbátan bàbá rẹ̀ kan, Marie-Thérèse Kouao, wá bá àwọn òbí rẹ̀, ó ní òun á mú ọmọ lọ sí ilẹ̀ òyìnbó, òun á rán an ní ilé-ìwé. Àwọn òbí gbà, bí ọ̀pọ̀ nínú wa náà ṣe máa gbà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1999 ni wọ́n dé London. Ọmọ náà kò wọ ilé-ìwé kankan níbẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2000, ó kú nílé ìwòsàn, ọmọ ọdún mẹ́jọ, àpá àti ọgbẹ́ 128 lára rẹ̀. Wọ́n rán Kouao àti ọkùnrin tó ń bá gbé lọ sí ẹ̀wọ̀n gbére lọ́dún 2001.

Ohun tó wà nínú ìwádìí Lord Laming, tó jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2003, ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Àwọn kan sọ̀rọ̀. Obìnrin kan tó bá ìdílé náà tan rí ọmọ náà, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, ó fi fóònù pe ọ́fíìsì Wẹ́fíà ibẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 1999. Obìnrin mìíràn tó ń bá wọn tọ́jú ọmọ náà rí àwọn àpá lára rẹ̀ ní oṣù Keje, wọ́n sì gbé e lọ sí ọsibítù. Ní alẹ́ tó ṣáájú ikú rẹ̀, awakọ̀ takisí tí wọ́n háyà wo ojú ọmọ náà, ó sì fúnra rẹ̀ gbé e lọ sí ibùdó ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn. Wọ́n tilẹ̀ ti gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí wọ́n ti gbà pé ẹ̀mí burúkú ló ń dà á láàmú. Ìwádìí náà ka ìgbà 12 ó kéré tán tí àwọn tó ń gbowó iṣẹ́ lè gbà á là tí wọn kò ṣe é. Nígbà tí àwọn Wẹ́fíà fi máa lọ kan ilẹ̀kùn nítorí fóònù obìnrin àkọ́kọ́ yẹn, wọ́n ti kó kúrò nílé náà.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ pé, bó bá rí bẹ́ẹ̀ ní London, kí wá ni ti Òrè? Èmi ò fi sọ pé kí a jókòó. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀kan ò tó. Ẹni tó bá fẹjọ́ sùn tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ gbọ́dọ̀ padà lọ, kó sì mọ orúkọ ẹni tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ béèrè pé, "Ṣé ẹ ti kọ ọ́ sínú ìwé? Ọ̀gá, kí lorúkọ yín?" Ìbéèrè méjì yìí máa ń mú kí fáìlì ọ̀rọ̀ yín má sọnù sínú dúrọ́ọ̀.

Ó ku ti ọmọ tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún wa. Níbí ni ẹ̀kọ́ ilé wa ti ń bá wa jà. A kọ́ ọmọ pé kó má já àgbà lẹ́nu, kó má pe àgbà lónírọ́, kó má gbé ọ̀rọ̀ ilé síta. Gbogbo rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n àgbàlagbà tó ń bá ọmọdé ṣèṣekúṣe mọ ẹ̀kọ́ wọ̀nyí dáadáa, òun náà ló sì ń fi í ti ọmọ lẹ́nu pa. Ọmọ tí wọ́n ti kọ́ pé àgbà kì í purọ́ máa rò pé òun ni ẹnikẹ́ni kò ní í gbà gbọ́. Ẹ jẹ́ ká fi ẹyọ kan kún ẹ̀kọ́ náà láti kékeré: kò sí àgbà kankan, ìbáà jẹ́ àbúrò dádì, ìbáà jẹ́ tíṣà, ìbáà jẹ́ pásítọ̀ tàbí ààfáà, tó ní ẹ̀tọ́ láti ní kí ọmọ má sọ nǹkan kan fún ìyá rẹ̀.

Nílùú Èkó, ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta sọ fún ìyá rẹ̀ ohun tí ọ̀gá kan ń ṣe fún un ní ilé-ìwé tí wọ́n ń san owó gọbọi sí. Ọdún 2016 nìyẹn. Ìyá náà lè sọ pé kí ló mọ̀, ọmọ ọwọ́ lásán. Ó gbọ́ tirẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹwàá ọdún 2019, Adájọ́ Sybil Nwaka rán ọkùnrin náà lọ sí ẹ̀wọ̀n ọgọ́ta ọdún. Ẹnu ọmọ tí kò tíì mọ ABD parí ni ẹjọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Bí ọmọ bá ń sọ irú rẹ̀ fún yín, ẹ fojú sí i, ẹ fara balẹ̀. Ẹ má pariwo "Jésù!" mọ́ ọn lójú, bó bá rí i pé ọ̀rọ̀ náà bà yín lẹ́rù, á gbé èyí tó kù mì. Ẹ má bi í pé, "Ṣé Bọ̀dá Báyìí ló ṣe é?" nítorí lọ́jọ́ tí ẹjọ́ bá dé iwájú adájọ́, lọ́yà wọn á ní ẹ̀yin lẹ fi orúkọ sí i lẹ́nu. Ẹ kàn ní, "Kí ló wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn?" Ẹ sọ fún un pé kò jẹ̀bi ohunkóhun. Ẹ má ṣe ìlérí pé ẹ kò ní í sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ẹ máa sọ. Ẹ sì má ní kó máa tún ìtàn náà sọ fún ìyá ìjọ, fún ẹ̀gbọ́n tó dé láti Akúrẹ́, fún ìyàwó lándìlọ́ọ̀dù. Ẹ̀ẹ̀kan tó fún yín. Ẹ jẹ́ kó fi ìyókù sílẹ̀ fún àwọn tó máa ṣiṣẹ́ lé e lórí.

Ẹ má wẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀ pé ohun àkọ́kọ́ tó máa wá sí ìyá lọ́kàn ni omi gbígbóná, nítorí ó fẹ́ fọ ẹ̀gbin náà kúrò lára ọmọ rẹ̀. Ẹ fara dà á. Òfin Ẹ̀rí Nàìjíríà ti ọdún 2011 gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 láàyè láti sọ̀rọ̀ ní kóòtù láìbúra, ṣùgbọ́n òfin kan náà ní a kò gbọ́dọ̀ dá èèyàn lẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ ọmọ náà nìkan. Nǹkan mìíràn gbọ́dọ̀ tì í lẹ́yìn. Ohun tí dókítà bá rí lára ọmọ àti ohun tó bá wà lára aṣọ rẹ̀ ni nǹkan mìíràn yẹn, omi àti ọṣẹ sì ni wọ́n ń bá lọ. Ẹ kó aṣọ tó wọ̀ sínú bébà, kì í ṣe ọ̀rá náílọ́ọ̀nù tí á jẹ́ kó bu. Ẹ gbé ọmọ lọ sí ọsibítù ìjọba lọ́jọ́ náà gan-an. Oògùn wà tí wọ́n ń fún ọmọ kí kòkòrò HIV má baà rí i wọ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ kọjá wákàtí 72, bó bá sì ṣe yá tó ló ṣe dára tó. Ìpàdé ẹbí tí ẹ sún sí ọjọ́ Sátidé lè ti jẹ wákàtí yẹn tán.

Ọ̀rọ̀ ìpàdé ẹbí ló wá kàn. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn baálé wa. Ọ̀pọ̀ ìjà lọ́kọ-láya, gbèsè àti ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni wọ́n ń yanjú tí ìlú fi ń tòrò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ọmọdé lò pọ̀ kò sí lára ẹjọ́ tí wọ́n ń parí ní pálọ̀ pẹ̀lú ìgò kọ́ọ̀kì àti "ẹ jẹ́ kó gbé owó ìtọ́jú kalẹ̀". Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2003 ka ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé, ẹ̀wọ̀n gbére ló sì là kalẹ̀ fún ẹni tó bá bá ọmọdé lò pọ̀, bó tilẹ̀ ní òun rò pé ó ti dàgbà. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ti ṣe òfin tirẹ̀ lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé láti ọdún 2007, ó sì tún ṣe òfin tó lòdì sí ìwà ipá sí èèyàn lọ́dún 2021. Èyí tí ọ̀pọ̀ àgbà kò mọ̀ ni pé Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí a ń lò ní gúúsù Nàìjíríà ka gbígba owó láti fi bo irú ẹ̀ṣẹ̀ ńlá bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀ gan-an fúnra rẹ̀. Bí ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n bò bá jẹ́ èyí tó ní ẹ̀wọ̀n gbére, ọdún méje ni fún ẹni tó bò ó. Bàbá tó gba owó nítorí ọmọ rẹ̀, àgbà tó jókòó pín in, ẹ̀wọ̀n ń wo gbogbo wọn. Ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́ fún wọn. Bí baálé bá fẹ́ ṣe oore fún ọmọ náà, kó tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ sí tẹ́ṣàn. Ọ̀rọ̀ obìnrin tó bá baálé wọlé kì í jọ ti obìnrin tó dá wọlé lójú ọlọ́pàá. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló rí.

Ibo wá ni ká gbé e lọ? Bí ewu bá wà lórí ọmọ ní wákàtí yẹn, ẹ pe 112, kì í gba owó lórí fóònù. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, tẹ́ṣàn Òrè wà, ẹ ní ẹ fẹ́ rí ẹni tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ obìnrin àti ọmọdé. Ẹ kò ní láti sanwó kí wọ́n tó kọ ẹjọ́ yín sílẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ mú owó ìwé tàbí owó epo wá, ẹ ní ẹ fẹ́ rí DPO, ọ̀gá tẹ́ṣàn náà. Sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ Òdìgbó wà ní Òrè níbí, àwọn Wẹ́fíà sì wà níbẹ̀. Àwọn ló yẹ ká tọ̀ lọ fún ọmọ tí ebi ń pa, ọmọ tí wọ́n pa tì, ọmọ tí wọ́n ti yọ kúrò ní ilé-ìwé, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ má tíì di ti ọlọ́pàá. Bí ẹ bá kan ilẹ̀kùn wọ̀nyí tí wọn ò ṣí, Akúrẹ́ ò jìnnà: olú iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ obìnrin. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin agbẹjọ́rò, FIDA, máa ń dúró ti irú ẹjọ́ báyìí láìgbowó.

Ti àwọn ọmọ tí wọ́n kó wá láti ọ̀nà jíjìn yàtọ̀ díẹ̀. Ẹ mọ̀ wọ́n. Ọmọ ọdún 11 tó ń ru kòkó ní kámpù tí kò gbọ́ èdè ẹnikẹ́ni níbẹ̀; ọmọ ọ̀dọ̀ tí ọ̀gá rẹ̀ ń gba owó oṣù rẹ̀ fún "àǹtí" kan tó ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Wọ́n ti rí àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè Benin rí tí wọ́n ń fọ́ òkúta ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n sì dá ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn padà sílé. Ọdún 2003 ni, ọdún kan náà tí ìjọba dá àjọ NAPTIP sílẹ̀ láti gbógun ti kíkó èèyàn ṣòwò. Nọ́mbà tí wọ́n ń fi pe àjọ náà lọ́fẹ̀ẹ́ ni 627. Ẹ má kọ́kọ́ lọ bá ọ̀gá ọmọ náà pé ẹ ti rí i o. Kó tó di ọ̀la, wọ́n á ti gbé ọmọ náà lọ sí kámpù mìíràn.

Èyí tó kù ni ẹ̀rù pé a lè ba orúkọ aláìṣẹ̀ jẹ́. Ẹ̀rù gidi ni. Ìdí nìyí tí mo fi ní ká sọ ohun tí a rí, ká má fi kún un, ká má sì sọ ọ́ ní ẹ̀bá kànga. Aláìṣẹ̀ tí wọ́n wádìí rẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́ máa padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Òfófó ọjà ló ń pa orúkọ èèyàn. Mi ò sì sí lára àwọn tó ń pe gbogbo pàṣán ní ìwà ọ̀daràn. Ṣùgbọ́n ata lójú kì í ṣe ìbáwí. Áyọ́ọ̀nù gbígbóná kì í ṣe ìbáwí, ebi ọjọ́ mẹ́ta kì í ṣe ìbáwí, bẹ́ẹ̀ ni kíkó ọmọ sí yàrá ààwẹ̀ nítorí wọ́n ní àjẹ́ ni kì í ṣe àdúrà. Ẹni tó bá ní òun ò mọ ibi tí ààlà wà, ó mọ̀ ọ́n.

Ìpàdé òbí àti olùkọ́ ní ilé-ìwé àwọn ọmọ wa ti táàmù tó ń bọ̀ kò ní í pẹ́ dé. Ohun tí mo máa bẹ̀ yín ni pé ká fi èyí síwájú ọ̀rọ̀ owó lẹ́sìn: kí a yan ìyá kan àti bàbá kan tí àwọn ọmọ wa lè bá sọ̀rọ̀ láìbẹ̀rù, tí àwa òbí náà lè mú ẹjọ́ tọ̀ lọ, tí wọ́n á sì bá wa lọ sí Òrè lọ́jọ́ tí a bá nílò rẹ̀. Kí ilé-ìwé kọ 112 àti 627 sára ògiri gbàgàdà, níbi tí ọmọ gan-an ti lè kà á. Bí ẹ bá sì mọ ọmọ kan nísinsìnyí tí ọkàn yín kò balẹ̀ lórí rẹ̀, ẹ má dúró de ìpàdé. Ẹ lọ sọ ọ́ lónìí.